Báwo Ni Olósùnta Ṣe Dé Ibi Tó Wà? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Wilhelm Bornhardt àti Awuyewuye Tó Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Olósùnta àti Orólé dúró gbagidi sórí ìlú, òkúta lásán láti ẹsẹ̀ dé téńté, ilẹ̀ tó yí wọn ká sì tẹ́ débi pé wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ná ọjà lórí rẹ̀ láìgun òkè kankan. Bí a bá yà sí ìhà Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrè, ilẹ̀ ń rọra wálẹ̀ lọ bá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo wọn lórí, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Kí ló wá dé tí odindi òkè fi dá dúró gedegbe níbì kan, tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lọ pẹrẹsẹ?

Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń bá ìbéèrè yìí fà á. Ọmọ Jámánì kan ló sọ ọ́ di ìbéèrè nínú ìwé, orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ irú òkè bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń há orúkọ náà sórí nínú ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì, wọ́n ń ya àwòrán òkè tó wà ní Tanzania tàbí Brazil láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé èyí tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Ìkẹ̀rẹ́ wà lára irú àpáta tí wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ ṣe ni pé kó to gbogbo èrò tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé lágbára àti ibi tó ti mẹ́hẹ, kó sì fi àpáta gúúsù Èkìtì dán an wò.

Bornhardt àti ìwé rẹ̀

Wilhelm Bornhardt kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì. Iṣẹ́ ìwakùsà ló kọ́, iṣẹ́ ìjọba lẹ́ka ìwakùsà ló sì ṣe. Wọ́n bí i ní 1864 ní Braunschweig, ó sì kú ní 1946. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí, ó rin ilẹ̀ náà kiri láti mọ irú òkúta àti ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìrísí ojú ilẹ̀ àti àpáta ibẹ̀ jáde ní 1900.

Nínú ìwé yìí ló ti ṣàpèjúwe ilẹ̀ títẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní tí òkè kọ̀ọ̀kan dédé yọrí jáde láti inú rẹ̀ bí erékùṣù. Inselberg ló pè wọ́n, ìyẹn òkè erékùṣù. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bailey Willis, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, mú nínú àwọn inselberg yìí àwọn tí orí wọn rí rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, tí ara wọn jẹ́ òkúta lásán, ó sì sọ wọ́n ní bornhardt láti fi bu ọlá fún ọkùnrin náà. Gbogbo bornhardt ni inselberg, ṣùgbọ́n inselberg mìíràn wà tó jẹ́ òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ lásán. Olósùnta àti Orólé bọ́ sí abẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ogún tí Bornhardt fi sílẹ̀ ní apá méjì, wọn kò sì dọ́gba. Àpèjúwe rẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó tún ní láti kọ́ wa ní ohun tí inselberg jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó wo ìrísí, ó wo ibi tí òkè àti ilẹ̀ títẹ́ ti pàdé, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ kínníkínní. Àlàyé rẹ̀ ni kò pẹ́. Omi ló gbé e fún, omi odò àti omi òkun tó ń jẹ ilẹ̀ léraléra, ìran tó tẹ̀ lé e sì ti pa ọ̀rọ̀ òkun tì. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ipò tó fi rin ìrìn náà. Ìjọba tó ń wá ohun tí yóò kó ló rán an jáde, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ru ẹrù irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì mọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, kò ní òkè kankan tí wọ́n fi orúkọ wọn pè nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo gbà pé ọlá tí wọ́n fún Bornhardt tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lójú àtiwòye. Mi ò gbà pé òun ló kọ́kọ́ rí òkè wọ̀nyí.

Àwọn tó gbé e fún afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀

Siegfried Passarge, ọmọ Jámánì mìíràn, la Adamawa kọjá ní 1893 sí 1894, ó dé agbègbè Yola tó wà ní Nàìjíríà lónìí. Ìwé rẹ̀ lórí aṣálẹ̀ Kalahari jáde ní 1904. Èrò rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gbé yanrìn ló fá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè lọ ní ayé àtijọ́ tí ibẹ̀ gbẹ táútáú, tí òkè fi ṣẹ́kù.

Agbára èrò yìí ni pé inselberg pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì hàn síta níbẹ̀ nítorí igbó kò bò ó. Àìlera rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nítòsí ilẹ̀, kò sì lè fá odindi ilẹ̀ kan. Ní Ìkẹ̀rẹ́ pàápàá, níbi tí òjò ọdún kan ti ń ju 1,200 mìlímítà lọ, tí igi igbó kìjikìji sì ń hù dé ẹsẹ̀ àpáta, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ kò rí ibi kan gbé e gbà wọlé. Ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù nínú èrò Passarge ni pé ojú ọjọ́ àtijọ́ lè yàtọ̀ sí ti òní. Kókó yẹn yóò tún yọjú.

Oòrùn, òjò, àti ẹrù tó kúrò lórí àpáta

Ẹni tó bá sún mọ́ ara Olósùnta dáadáa yóò rí i pé àpáta náà ní èèpo. Awẹ́ òkúta kan wà tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́, òmíràn nípọn ju ìdúró ènìyàn lọ, gbogbo wọn tẹ̀ kọdọrọ tẹ̀ lé ìrísí òkè. Níbi tí awẹ́ kan bá ti já bọ́, ojú òkúta tuntun a hàn lábẹ́ rẹ̀, a máa funfun díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí òjò ti sọ di dúdú. Gbogbo bornhardt ayé ló ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bó o ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni oòrùn. Ọ̀sán á mú ara àpáta gbóná, á wú, òru á mú un tutù, á súnkì, nígbà tó bá pẹ́ á sán. Ó rọrùn láti gbà, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó ti fẹsẹ̀ lásán gun àpáta lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1936, David Griggs ní Amẹ́ríkà fi gíráníìtì dán an wò. Ó mú un gbóná, ó mú un tutù, ní ìgbà 89,400, èyí tó tó ooru àti òtútù nǹkan bí ọdún 244. Bí òkúta náà ṣe gbẹ, kò sán, kò sì yí padà. Ìgbà tó fi omi tutù mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíákíá sì ni. Ìdánwò yìí ṣẹ́ èrò oòrùn nìkan lẹ́sẹ̀, ó sì gbé omi síwájú.

Ìdáhùn kejì ti ọ̀dọ̀ Grove Karl Gilbert wá ní 1904, nígbà tó wo òkè Sierra Nevada. Gíráníìtì kì í dì sójú ilẹ̀. Gíráníìtì ìhà wa yìí ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, ọ̀pọ̀ kìlómítà lábẹ́ ilẹ̀ ló sì ti di òkúta, pẹ̀lú ẹrù gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí àgbàrá bá ti ń kó ohun tó wà lókè lọ, ẹrù náà ń fúyẹ́, àpáta á wá gbòòrò síta, á sán ní awẹ́-awẹ́ tó bá ojú ilẹ̀ mu. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé awẹ́ yìí wà nínú kúárì jíjìn níbi tí oòrùn kò lè dé láéláé.

Èrò Gilbert jọba fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹrù fúyẹ́ lórí òkúta nìkan kò tó láti ya á sọ́tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fà á síta. Stephen Martel ti Hawaii ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2011. Ohun tó fi hàn ni pé bí agbára ilẹ̀ bá ń ti àpáta láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ojú àpáta náà bá sì yọ kọdọrọ, agbára tó ń ti í yóò di èyí tó ń fà á síta lábẹ́ awọ rẹ̀, àpáta á sì sán. Ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bó ṣe dún létí lọ. Nínú èrò Gilbert, bíbó ló sọ òkè di rìbìtì. Nínú èrò Martel, òkè ti gbọ́dọ̀ rí rìbìtì díẹ̀ kí bíbó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan pè ní àbájáde ni ẹnì kejì pè ní ìdí.

Oòrùn sì tún padà wá. Ní 2016, Brian Collins àti Greg Stock tẹ èsì ìwádìí wọn ní Yosemite jáde. Wọ́n so irinṣẹ́ mọ́ awẹ́ gíráníìtì kan tó ti ya lára àpáta, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣí, ó ń padé lójoojúmọ́, nígbà mìíràn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, bí ooru ọjọ́ ṣe ń lọ sókè sódò. Oòrùn kò dá òkè, ṣùgbọ́n ó lè já ohun tó ti sán tẹ́lẹ̀ bọ́. Fún àwọn tó kọ́lé sí ẹsẹ̀ àpáta ní Ìkẹ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí.

Àléébù tó kan gbogbo ìran èrò yìí ni pé awọ ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ara. Wọ́n lè sọ bí orí Olósùnta ṣe di rìbìtì. Wọn kò lè sọ ìdí tí Olósùnta fi wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fi ga bíi tirẹ̀.

Lester King àti ẹ̀gbẹ́ òkè tó ń fà sẹ́yìn

Lester King kọ́ni ní yunifásítì Natal ní South Africa, ní 1948 ló sì gbé àbá rẹ̀ lórí bornhardt jáde. Àbá náà tóbi, ó kan gbogbo Áfíríkà. Ó ní ilẹ̀ gíga ló kọ́kọ́ wà. Odò gé e wọlé, ẹ̀gbẹ́ àfonífojì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìdẹ̀, bí ó ṣe ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ náà ló ga títí di alẹ́. Ohun tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ilẹ̀ títẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ìhín àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ohun tó kù láàárín wọn ni inselberg.

Àbá yìí ní ẹwà. Ó ṣàlàyé ilẹ̀ títẹ́ àti òkè pa pọ̀, ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ èèpo kò lè ṣe. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí igun ibi tí òkè ti pàdé ilẹ̀ fi mú ṣánṣán, tí kò fi rọra dẹ̀ wálẹ̀. King so ó mọ́ ìgbà tí Áfíríkà ya kúrò lára àwọn ilẹ̀ mìíràn, ó sì pín ojú ilẹ̀ Áfíríkà sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn.

Ṣùgbọ́n bí àbá King bá rí bẹ́ẹ̀, orí ibi tó pín omi odò kan sí odò kejì ló yẹ kí a ti máa rí inselberg jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ń fà sẹ́yìn yóò dé kẹ́yìn. A ń rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àti nínú àfonífojì pẹ̀lú. Àwọn mìíràn kéré púpọ̀, wọn kò ju ẹ̀yìn àpáta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú nínú oko lọ, tí àwọn àgbẹ̀ ń sá ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́ lé lórí. Irú èyí kò lè jẹ́ àṣẹ́kù òkè ńlá. Ó jọ ohun tó ń bọ̀ lókè ju ohun tó ń parí lọ. Adétóyè Faniran ti Ìbàdàn wọn àlàfo tó wà láàárín inselberg kan àti èkejì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níye lórí nítorí ó kúrò ní fífi ojú wò lásán, ó di ohun tí a lè kà.

Àwọn tó ní abẹ́ ilẹ̀ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀

Èrò tó lẹ́yìn jù lọ lónìí, Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. John Downie Falconer, ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ wíwá àlùmọ́ọ́nì ní Àríwá Nàìjíríà láti 1904 sí 1909, tó sì di olùdarí àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀ ní 1919, gbé ìwé kan jáde ní 1911. Ó ní àpáta ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ kí òkè tó yọ. Ibi tó ń jẹrà kò dọ́gba. Níbi tí omi bá rí ọ̀nà wọlé, á jẹrà lọ jìnnà. Níbi tí àpáta bá le gan-an, jíjẹrà á dúró lókè. Lẹ́yìn náà ni àgbàrá á gbá èyí tó ti jẹrà lọ, èyí tó le á sì ṣẹ́kù síta. David Linton ní Bìrìtéènì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1955, Julius Büdel ní Jámánì sọ ọ́ ní 1957. Michael Thomas kọ nípa àpáta Nàìjíríà gan-an ní 1965, L. K. Jeje ti Ifẹ̀ sì gbé e wá sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ní 1973, ilẹ̀ olójò bíi tiwa. Mo fi ọwọ́ kan àwọn orúkọ wọ̀nyí nítorí wọ́n máa ń gbàgbé Falconer, Faniran àti Jeje nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà lókè òkun.

Ẹ̀rí tó dájú jù fún èrò yìí kò sí lórí òkè. Inú kànga ló wà. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní gúúsù Èkìtì mọ ohun tó ń tẹ̀ léra: ilẹ̀ dúdú lókè, yangí pupa lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, lẹ́yìn náà ohun kan tó rí bí àpáta lójú ṣùgbọ́n tó ń rún lọ́wọ́. Tí a bá mú un wò, wóró òkúta náà wà ní ipò rẹ̀ bó ṣe wà nínú gíráníìtì, ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ. Omi òjò tó ti kó èéfín ara gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà mọ́ra ti sọ feldspar inú rẹ̀ di amọ̀, kúọ́tìsì nìkan ni kò mì. Amọ̀ funfun kaolin tí wọ́n ń wà ní Ìkẹ̀rẹ́ àti amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn fi ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, ọmọ àpáta tó jẹrà ni wọ́n. Nínú kànga kan, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ lè bá òkúta tútù pàdé ní mítà díẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ́ tirẹ̀ jìnnà ju ìyẹn lọ kó má tíì kan òkúta. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ojú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ní òkè àti kòtò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà lẹ́sẹ̀ òkè. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkúta lásán kò ní ibi tó ń wọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àpáta fi máa ń tutù, tí kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Omi náà ń jẹ ẹsẹ̀ òkè nígbà tí téńté rẹ̀ wà ní gbígbẹ. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó, ẹsẹ̀ á máa rà, orí á máa wà, òkè á sì máa ga sí i láìdìde. Ìran èrò yìí nìkan ló sọ fún wa ìdí tí ìyàtọ̀ kékeré ìbẹ̀rẹ̀ fi lè di ìyàtọ̀ ńlá.

Ó ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Ìjìn jíjẹrà tí à ń rí nínú kànga àti borehole ní irú ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti mítà díẹ̀, ó ń lọ dé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òkè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí wa, ga ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Báwo ni ìjẹrà ọgbọ̀n mítà ṣe lè bí òkè tó ga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà? Ìdáhùn wọn ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ jẹrà, àgbàrá gbá a lọ, ó tún jẹrà, ó tún gbá a lọ. Ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun mìíràn. Kí ló ń mú kí àgbàrá dúró fún jíjẹrà, kó sì tún bẹ̀rẹ̀? Igbó kìjikìji máa ń di ilẹ̀ mú. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àtijọ́ ti padà. Kevin Burke àti Dúrótóyè fi ẹ̀rí hàn ní 1971 láti ara òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn orí ilẹ̀ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti gbẹ ju báyìí lọ rí ní àwọn ìgbà kan tí kò pẹ́ púpọ̀ lójú àpáta. Nígbà tí igbó bá fọ́nká, tí òjò díẹ̀ bá sì ń rọ̀ lójijì, ilẹ̀ á ṣí. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ojú ọjọ́, ilẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ sókè tí odò fi tún ní agbára. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Àwọn tó ní irú àpáta ló ń pinnu

Rowland Twidale ti Australia kò ta ko èrò jíjẹrà, ó fi ìdí kan kún un. Kí ló mú kí ibì kan jẹrà kí èkejì má jẹrà? Ó ní ojú sísán ni. Àpáta tí ìlà sísán pọ̀ nínú rẹ̀ ń gba omi sínú. Èyí tí sísán rẹ̀ jìnnà síra, tí ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, omi kò rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Olósùnta á jẹ́ ibi tí àpáta kò sán púpọ̀. Ó parí.

Gúúsù Èkìtì dára láti fi dán èyí wò nítorí àpáta rẹ̀ kì í ṣe irú kan. Gíráníìtì oníwóró ńláńlá wà ní Ìkẹ̀rẹ́, charnockite sì wà pẹ̀lú rẹ̀, òkúta dúdú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ tí wọ́n ń rí láti Àkúrẹ́ lọ dé Adó. P. G. Cooray kọ nípa charnockite agbègbè yìí láti 1972. Bí a bá lọ sí ìhà Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrè, gneiss àti migmatite tó ti lọ́ra pọ̀ ń gba ibi tó pọ̀ sí i, ìlà inú wọn sì ń fún omi láàyè. Bí irú àpáta bá ń pinnu, ibí yìí ló ti yẹ kó hàn.

Àléébù rẹ̀ le láti kọjá. Àpáta tó ti wà níbi tó tẹ́jú báyìí ti jẹrà lọ, ó ti bá àgbàrá lọ sínú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. A kò lè ka iye ìlà tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òkè ṣẹ́kù nítorí kò sán púpọ̀, tí a bá bi í báwo ló ṣe mọ̀ pé èyí tó lọ sán jù ú lọ, ó lè jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ni pé nítorí ó lọ ni. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kúárì tó gé wọ ilẹ̀ láti inú òkè lọ sí ibi títẹ́ nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ráyè wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fọ́ ọ tà.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀

Lójú àwọn ọmọ Ìkẹ̀rẹ́, Olósùnta jẹ́ òrìṣà kí ó tó jẹ́ àpẹẹrẹ nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, Ọlúkẹ̀rẹ́ ló sì ń ṣáájú nínú ètùtù rẹ̀. Kò tọ́ kí a to ìgbàgbọ́ yìí mọ́ àbá King tàbí ti Falconer bí ẹni pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn. Ẹni tó ní àpáta, ohun tó jẹ ìlú ní gbèsè fún un, àti bí ó ṣe yẹ kí a máa bá a gbé ni ìgbàgbọ́ náà ń sọ. Síbẹ̀ ó kan ìmọ̀ ilẹ̀ ní ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ kì í sọ. Àpáta tí ìlú ń bọ, kò rọrùn fún oníkúárì láti fi dínámáìtì kàn án. Ẹ̀rí tí à ń wá wà níbẹ̀ sí di òní nítorí pé ẹnì kan kà á sí mímọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìgbà ló ṣòro jù. A mọ ọjọ́ orí òkúta Ìkẹ̀rẹ́, a kò tíì mọ ọjọ́ orí òkè náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìtànṣán tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run máa ń dá beryllium-10 sínú kúọ́tìsì tó bá wà síta, bí òkúta bá ṣe pẹ́ síta tó láìfá ni èyí tó wà nínú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Wọ́n lo ọ̀nà yìí ní aṣálẹ̀ Namib, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999 pé inselberg ibẹ̀ ń dínkù ní nǹkan bí mítà 5 nínú mílíọ̀nù ọdún kan. Àwọn kan ní Australia kò tó mítà kan. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibi méjèèjì, a kò lè yá iye wọn fún Ìkẹ̀rẹ́ tí òjò ń pa láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá. Bí ó bá jẹ́ pé òkúta orí Olósùnta ti pẹ́ síta gan-an ju ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní abẹ́ ilẹ̀ ni òkè ti yọ díẹ̀díẹ̀ á fìdí múlẹ̀. Bí iye méjèèjì bá sún mọ́ra, King á tún rí ẹsẹ̀ fi dúró.

Ọ̀rọ̀ Gilbert àti Martel náà ṣì wà nílẹ̀, ó sì lè yàtọ̀ láti òkè dé òkè, nítorí agbára tó ń ti ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kò rí bákan náà ní California àti ní Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan ṣoṣo ló dá gbogbo bornhardt. Ó ṣeé ṣe kí Olósùnta àti òkè Masasi tó wà ní Tanzania jọra lójú, kí ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ sì yàtọ̀. Lérò tèmi, jíjẹrà abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ nínú àpáta ló ṣàlàyé ohun tí à ń rí ní Ìkẹ̀rẹ́ jù, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti gbé ìdájọ́ náà lé ni ohun tó wà nínú kànga, kì í ṣe ìwọ̀n tí a mú lára òkè fúnra rẹ̀. Ìpín charnockite àti gíráníìtì lábẹ́ ilẹ̀ títẹ́ ìlú, láti Ìkẹ̀rẹ́ lọ dé etí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ni yóò sọ bóyá ìdájọ́ yẹn dúró. Àkọsílẹ̀ ìjìn kànga àti borehole, bí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irú òkúta tí wọ́n bá nísàlẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́la.